Ẹ Jẹ́ Kí A Fi Etí Odò Sílẹ̀ fún Ẹja

Ọ̀rọ̀ etí odò ni mo fẹ́ sọ lóṣù yìí. Ó kan àgbẹ̀, ó sì kan àwọn ìyá wa tí ń ta ẹja.

Ní Ìkún níbí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ro oko títí kan omi. A gé igi, a tu koríko, a gbin ẹ̀fọ́ dé bèbè. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, erùpẹ̀ á ya sínú odò. Ilẹ̀ ọlọ́ràá wa ni omi ń gbé lọ yẹn o! Ẹja ńkọ́? Àrọ̀ kì í yé sí àárín odò. Bí omi bá kún ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, inú koríko etí omi ló ń wọ̀ lọ yé. Bí koríko kò bá sí, níbo ni kó yé sí? Ẹpìà náà, ibi tí omi kò jìn ló ń gbẹ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí, ẹrẹ̀ á sì bò ó mọ́lẹ̀.

N kò tí ì dárúkọ Gammalin 20, oògùn kòkó tí àwọn kan ń dà sómi láti fi pa ẹja. Ní 2009 ni àdéhùn Stockholm fi lindane inú rẹ̀ sára àwọn oògùn tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Ẹni tó ń dà á sómi ń pa ìyá, ó ń pa ọmọ.

Àwọn kan ní kí a máa gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá ro etí odò. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ilẹ̀ yẹn ló ń mú ẹ̀fọ́ wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Owó ilé-ìwé ọmọ ẹlòmíràn ni. Ta ni yóò fi í sílẹ̀ lásán nítorí ẹja tí ẹlòmíràn yóò tà?

Ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní salmon. Odò ni wọ́n ti ń bí i, á lọ sókun, á tún padà wá yé sódò. Nígbà tí ó ń dín kù, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí bá àgbẹ̀ ṣe àdéhùn ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti 1998: kí àgbẹ̀ gbin igi sétí odò, kí ìjọba máa san owó ilẹ̀ fún un. Òjìji igi ń mú omi tutù, gbòǹgbò sì ń di bèbè mú.

Àwa kò ní owó Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n a lè dín èlé kù lórí owó tí ẹgbẹ́ bá yá ọmọ ẹgbẹ́ tó fi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sílẹ̀ létí omi. Kí àwọn ẹlẹ́ja náà dáwó díẹ̀, kí a fi gbin ògùrọ̀, oparun àti ewé mọ́ínmọ́ín sí i. Àgbẹ̀ á rí ewé gé tà, á rí emu dá. (Ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín, emu náà owó ni.)

N óò gbé e wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Kí àwọn tí oko wọn wà létí odò jọ̀wọ́ má pẹ́ dé, àwọn ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.