Màmá ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n dìde!

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Màmá yọ̀ ṣubú ní bálùwẹ̀, eegun ìbàdí kán. Àwọn ọmọ dáwó jọ lórí WhatsApp, dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ, ó fi irin so eegun pọ̀. Gbogbo wa kọ "Ọlọ́run ṣeun," kálukú sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, Màmá ò tíì lè dá rìn dé ilé ìdáná. La bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tá a máa dá lẹ́bi: dókítà ò mọṣẹ́, àbí ọwọ́ ayé ni.

Lójú tèmi, ká kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara wa.

Lóòótọ́, àwọn nǹkan kan kọjá agbára wa: ọjọ́ orí, àrùn ìgbàgbé, àti bí Màmá ṣe ń rìn sí kí wọ́n tó ṣubú. Ṣùgbọ́n èyí tó wà níkàáwọ́ wa ò kéré.

Àkọ́kọ́ ni àsìkò. Ìlànà ìtọ́jú tí wọ́n ń lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ọjọ́ tí aláìsàn bá dé ọsibítù tàbí ọjọ́ kejì ló yẹ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Lọ́dọ̀ tiwa, a lè kọ́kọ́ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ teguntegun, ká tó wá máa wówó kiri. Ní gbogbo àsìkò yẹn, orí ibùsùn ni Màmá wà: iṣan ẹsẹ̀ ń rọ, egbò lè yọ lẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú ẹsẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró náà lè kó àrùn.

Ìkejì ni dídìde. Ìlànà yẹn kan náà ní kí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, àfi bí dókítà bá ní kó má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa ńkọ́? "Ẹ jókòó, Mà, a máa gbé e wá bá yín." Ìfẹ́ ni, ọ̀wọ̀ sì ni, àmọ́ ẹsẹ̀ tí èèyàn ò lò ò lè lágbára. Ẹ jẹ́ kí wọ́n di wọ́kà mú, kí wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà lónìí, kí wọ́n dé pálọ̀ lọ́la. Físíò kì í ṣe fàájì, ara ìwòsàn ni.

Ìkẹta ni oúnjẹ àti ìbẹ̀rù. Ògì nìkan ò lè dá iṣan padà. Ẹ fi ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà kún un. Ẹni tó ti ṣubú rí sì máa ń bẹ̀rù pé òun tún máa ṣubú, ìbẹ̀rù yẹn á wá dè é mọ́ àga. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì tó ń yọ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ tan iná sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ kan irin ìdìmú mọ́ ògiri bálùwẹ̀.

Òfin náà ní tiẹ̀ níbẹ̀. Abala 20 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ní ọsibítù ò gbọ́dọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì. Ó dáa, ṣùgbọ́n ìyẹn ò san owó físíò. Òfin ọdún 2022 sì ti sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà. Mélòó nínú wa ló ti forúkọ òbí ẹ̀ sílẹ̀? Kí ìjọba náà rí i dájú pé ètò yẹn ń gbé owó físíò pẹ̀lú owó iṣẹ́ abẹ.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nígbà tí Màmá bá wẹ̀yìn, kó má jẹ́ alert owó nìkan ni wọ́n máa rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ọmọ tó nawọ́ sí wọn, tó ń sọ pé: "Ẹ dìde, Mà. Ẹ jẹ́ ká rìn."