Àìmọ ọ̀la ló ń gbó wa lára

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Bọ́lá Tinúbú ní Àbújá, ló sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti parí. Àbújá ló ti sọ̀rọ̀, àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó yí ká, kpayo ti gbówó lórí ní Kétu, ní Pobẹ̀, ní Ìgòló, ní Àjàṣẹ́. Gbogbo wa la rántí bí àwọn zémíjàn àti àwọn tí wọ́n gbé ṣe ń bá ara wọn jà lórí owó. Àwọn oníròyìn ka iye sefa tí lítà kan dà. Ohun tí wọn ò kà ni ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe nínú ara èèyàn: oorun tó dá lójú, àyà tó ń já, orí tó ń fọ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń ru. Ẹ jẹ́ ká kà á lónìí, torí ọ̀rọ̀ ìlú ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ dókítà nìkan.

Másùnmáwo, èyí tí àwa tá a lọ sí lekóòlù Faransé ń pè ní stress, kì í ṣe àròsọ. Ọdún 1936 ni Hans Selye, tó ń ṣiṣẹ́ ní Montréal ní Kánádà, kọ̀wé jáde pé oríṣiríṣi ìyà ni òun fi jẹ eku, òtútù ni o, ọgbẹ́ ni o, oògùn ni o, ohun kan náà ni ara wọn sì ń ṣe. Bí ọpọlọ bá rí ewu, á ránṣẹ́ sí ẹ̀yà ara kékeré méjì tó jókòó sórí kíndìnrín. Adrénalínì á jáde lójú ẹsẹ̀: ọkàn á máa sáré, èémí á máa yára, ẹ̀jẹ̀ á kúrò níkùn lọ sí apá àti ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kọ́tísọ́ọ̀lù á tẹ̀ lé e, á máa tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ kí agbára má bàa tán. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi máa ń gbẹ, tí oúnjẹ kì í sì í wuni jẹ, nígbà tí ẹ̀rù bá ń bani. Ètò tó dáa ni, bó bá jẹ́ ejò lẹ rí. Ẹ sá, ejò bá tiẹ̀ lọ, ara yín sì wálẹ̀.

Àmọ́ gbèsè kì í ṣe ejò. Kò níbi tó ń lọ. Ó wà níbẹ̀ lálẹ́, ó wà níbẹ̀ láàárọ̀, ara á sì dúró gbọn-in fún ìjà tí kò dé. Tó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, oorun á dín kù, ẹ̀jẹ̀ á máa ru, ṣúgà ò ní fẹ́ wálẹ̀ mọ́, àìsàn kékeré á sì máa dáni dùbúlẹ̀, torí agbára tí ara fi ń bá àrùn jà ti rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé iṣẹ́ àṣekúdórógbó ló ń fà á. Iṣẹ́ wà nínú ẹ̀ lóòótọ́. Lọ́dún 2021, àjọ ìlera àgbáyé àti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé jọ sọ pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu rọpárọsẹ̀ tirẹ̀ fi ìdá 35 nínú 100 ju ti ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ. (Zémi wo ló ń ṣe 55 péré lọ́sẹ̀?) Síbẹ̀, iṣẹ́ nìkan kọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1970, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Jay Weiss, ní Amẹ́ríkà, fi iná mànàmáná ta eku méjì nírù. Bákan náà ni iná náà ṣe le, ìgbà kan náà ló sì ń ta wọ́n. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà ńbẹ̀ ni pé ọ̀kan máa ń gbọ́ ìró kí iná tó dé, èkejì ò gbọ́ nǹkan kan tó nítumọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ inú wọn wò, eku tí wọ́n kìlọ̀ fún ò fi bẹ́ẹ̀ ní egbò nínú ikùn. Èyí tí kò mọ ìgbà tí ìyà ń bọ̀ ni ikùn rẹ̀ bó. Ẹ ò rí i pé ìyà kan náà ni!

Ẹ má sọ pé eku kì í ṣe èèyàn. Láti ọdún 1967 ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ tí Michael Marmot wá di ẹni mímọ̀ sí. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn tí wọ́n ń rán níṣẹ́, kú ní ìlọ́po mẹ́ta àwọn ọ̀gá àgbà. Sìgá àti oúnjẹ ṣàlàyé díẹ̀, wọn ò ṣàlàyé ẹ̀ tán. Nígbà tí wọ́n tún wádìí síwájú, wọ́n rí i pé ẹni tí kò ní àṣẹ kankan lórí bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ ni àrùn ọkàn ń mú jù.

Ẹ wá gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ààlà. Alájàpá tó ti fi gbèsè ra ọjà kò rí ẹni sọ fún un tẹ́lẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá ọ̀sẹ̀ méjì ni tàbí ọdún kan. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí i. Ọdún 2023, epo. Ẹ wo àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ tí à ń pè ní AME náà, tí ìjọba ń gbà síṣẹ́ pẹ̀lú àdéhùn onígbà. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́, ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu wọn kì í ṣe "èló ni?" "Ìgbà wo ni?" ni.

Àwọn ìyá wa lọ́jà ti mọ èyí ṣáájú Weiss. Ẹni tó ń dá èsúsú kì í jèrè sefa kan lórí owó rẹ̀. Ohun tó ń rà ni ọjọ́: ó mọ̀ pé lọ́sẹ̀ báyìí, tòun ló kàn. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó sùn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Lọ́dún 2023, àjọ ìlera àgbáyé ní nǹkan bí ìdá 46 nínú 100 àgbàlagbà tó ní in ni kò mọ̀. Bí èèyàn bá ṣubú lójijì lẹ́ni ogójì ọdún, ilé á ní ayé ló ṣe é, ẹjọ́ á bẹ̀rẹ̀, àbúrò ò ní bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò sọ pé másùnmáwo nìkan ló ń fà á o. Iyọ̀ wà ńbẹ̀, ọjọ́ orí wà ńbẹ̀, ohun tí ìdílé fúnni wà ńbẹ̀. Àmọ́ kí ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ bi ara yín bóyá wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò tó o ṣe.

Ẹ máa sùn dáadáa, ẹ máa mí kanlẹ̀, kẹ́ ẹ tú u síta díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ń mú ọkàn rọlẹ̀ lóòótọ́. Ẹ má dá wà pẹ̀lú ìṣòro. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Arò, l'Abẹ́òkúta, lọ́dún 1954, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí wọn, nígbà tí wọ́n ń gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé èèyàn wà lára oògùn.

Àmọ́ kí wọ́n má fi "ẹ fọkàn balẹ̀" ṣe òṣèlú fún wa. Ó rọrùn láti pe àwọn olùkọ́ jọ sí gbọ̀ngàn kan, kí wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń mí, kí owó oṣù wọn sì tún pẹ́. Ohun tí mo rò pé a lè béèrè lọ́wọ́ ìjọba, lọ́wọ́ méèrì, lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá iléèwé, kò náni ní sefa púpọ̀: kí wọ́n kọ ọjọ́ tí owó máa wọlé sára ògiri, kí wọ́n sì dúró tì í, kí olùkọ́ mọ̀ kí ìsinmi gígùn tó bẹ̀rẹ̀ bóyá òun ń padà wá, kí wọ́n kéde owó tuntun, òfin tuntun, ààlà tí wọ́n fẹ́ tì, ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ní Yorùbá, ní Gùn, ní Fọ̀n, lórí rédíò ìlú, kì í ṣe ní Faransé nìkan lórí ìwé tí ọlọ́jà ò ní rí.