Nẹ́ẹ̀tì Ojú Fèrèsé

Nígbà tí mo kó dé Ìyànà Ìbà, nẹ́ẹ̀tì onírin tí owó rẹ̀ kò wọ́n ni mo rà. Afẹ́fẹ́ tí ń ti òkun wá bá wa ní iyọ̀ nínú. Kí ọdún tó yípo, nẹ́ẹ̀tì ti dógùn-ún, ó sì lu. Ibẹ̀ ni ẹ̀fọn gbà wọlé tí ibà fi dá ọmọbìnrin mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. (Ìbà ìlú wa yàtọ̀ sí ibà àìsàn o!) Owó oògùn náà ìbá ra nẹ́ẹ̀tì gidi.

Láti 1897 tí Ronald Ross ti rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà, kò yẹ kí irú èmi olùkọ́ ṣe irú àṣìṣe yìí.

Fáíbà ni kí ẹ fi sí fèrèsé: kì í dógùn-ún, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n èékánná ológbò a máa fà á ya. Nítorí náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn ọmọ ń fara tì, alumíníọ́mù ló tọ́ sí i.

Ẹ mú rúlà lọ sí ọjà. Ẹ ka fọ́nrán inú íǹṣì kan: 16 sí 18 ló dára. Bí ó bá kéré sí i, ẹ̀fọn lè wọlé. Bí ó bá pọ̀ jù, ooru yóò pa yín. Ẹni tí ń tajà fi mí rẹ́rìn-ín nígbà tí mo yọ rúlà, ṣùgbọ́n mo kà á tán kí n tó sanwó. Ẹ sọ fún káfíńtà kí ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká.