Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ìkókó Wà Lọ́rùn Bàbá Pẹ̀lú

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin nìkan. Bí a bá ti dárúkọ ọmú, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin wa a máa yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn a ní kí á lọ bá àwọn ìyá sọ ọ́. Èrò yìí ni a fẹ́ tún ṣe. Bí ìkókó kò bá rí ọmú nìkan mu fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kì í sábà jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ni kò fẹ́. Ilé ni kò jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Bàbá ọmọ sì ni olórí ilé.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera sọ. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF fẹnu kò sí nìyí: kí á gbé ọmọ sí ọmú láàárín wákàtí kan tí a bí i, kí ó máa mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, láìsí omi, láìsí àgbo, láìsí ẹ̀kọ, lẹ́yìn náà kí á máa fún un ní oúnjẹ mìíràn, kí ó sì máa mu ọmú lọ títí yóò fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òògùn tí dókítà bá kọ fún ọmọ kò ba ètò yìí jẹ́.

Mùsùlùmí tí ó bá gbọ́ ọdún méjì kò gbọdọ̀ rí i bí ohun àjèjì. Nínú Súrà Al-Baqarah, áyà 233, ọdún méjì gbáko ni gbèdéke tí Ọlọ́hun fi lélẹ̀ fún òbí tí ó bá fẹ́ kí ìfúnlọ́mú pé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú áyà náà tí a kì í sábà mẹ́nu bà lórí mímbárì: níbẹ̀ gan-an ni a ti gbé oúnjẹ àti aṣọ ìyá lé bàbá lọ́wọ́. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gba ọmú lẹ́nu ọmọ ṣáájú àkókò, àwọn méjèèjì ni kí wọ́n jọ jíròrò, kí wọ́n sì jọ fẹnu kò. Nítorí náà, ọmú ọmọ jẹ́ ẹrù tí a pín fún ẹni méjì. Ìyá ń fún ọmọ lọ́mú. Bàbá ń bọ́ ìyá, ó sì ń dúró tì í.

Ǹjẹ́ ìwádìí kín ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn? Ó kín in lẹ́yìn dáadáa. Ní agbègbè Kintampo ní ilẹ̀ Gánà, àwọn olùwádìí tẹ̀lé ọmọ tuntun 10,947 tí a bí láàárín oṣù Keje ọdún 2003 àti oṣù Kẹfà ọdún 2004. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2006, wọ́n ṣírò pé bí gbogbo ìkókó bá bẹ̀rẹ̀ ọmú ní ọjọ́ tí a bí wọn, 16 nínú 100 ikú ọmọ tuntun ni ì bá má ṣẹlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ láàárín wákàtí àkọ́kọ́ ni, 22 nínú 100 ni.

Ní orílẹ̀-èdè Belarus, wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú ìwádìí mìíràn ní ọdún 1996 ní ilé ìwòsàn 31, pẹ̀lú ìyá àti ọmọ tí ó lé ní 17,000. Ní apá kan, wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bí wọn yóò ṣe ran ìyá lọ́wọ́ kí ó lè fún ọmọ lọ́mú. Ní apá kejì, wọ́n fi ìtọ́jú sílẹ̀ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọdún kan pé, nǹkan bí ọmọ 13 nínú 100 ni ìgbẹ́ gbuuru ti bá jà ní apá kejì. Ní apá tí wọ́n ti ran ìyá lọ́wọ́, nǹkan bí 9 ni. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò fi agbára mú ìyá kankan. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n fún un, ìrànlọ́wọ́ náà sì ni ó dín àìsàn ọmọ kù.

Kí ni ó wà nínú ọmú tí ó fi ń ṣe èyí? Omi ọyàn àkọ́kọ́, èyí tí ó ki, tí ó sì ní àwọ̀ ìyeyè, ni àwọn ìyá àgbà kan máa ń ní kí á fún dànù, pé ó ti pẹ́ jù nínú ọyàn, pé ó dọ̀tí. Bẹ́ẹ̀ sì ni òun gan-an ni ó kún fún èròjà tí ń bá àrùn jà àti fítámì A. Kò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ikùn ìkókó náà kò tóbi. Ó tó o. Ẹni tí ó bá fún un dànù ti da ààbò àkọ́kọ́ tí ọmọ náà ní nílé ayé nù.

Ọ̀rọ̀ omi wá ńkọ́? Ibí ni ìjà pọ̀ sí jù. Wọn a ní, “Ooru mú, òùngbẹ ń gbẹ ọmọ.” Nínú ìwọ̀n 100 omi ọyàn, nǹkan bí 87 ni omi gan-an. Àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí ní ilẹ̀ olóoru, bí India, Peru àti Jamaica, rí i pé ọmọ tí ń mu ọmú nìkan kò nílò omi mìíràn, ooru ì báà mú tó bẹ́ẹ̀. Omi tí a bá rọ ọmọ ń ṣe ibi méjì. Ó ń gbé kòkòrò àrùn wọ inú rẹ̀. Ó sì ń kún ikùn rẹ̀ tí kò fi ní fa ọmú tó. Bí ọmọ bá sì ṣe ń fa ọmú sí ni ọmú ṣe ń sun sí. Nígbà tí ọmọ kò bá fà á mọ́, ọmú yóò dín kù, wọn yóò wá ní, “Àbí ẹ ò rí i? Ọmú rẹ̀ kò tó.” Omi tí wọ́n bù ni kò jẹ́ kí ó tó.

Nínú ìwádìí ìlera tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018, ọmọ 29 péré nínú 100 tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ni ó ń mu ọmú nìkan. Nínú ìwádìí yẹn kan náà, nínú ọmọ 1,000 tí a bí láàyè, 67 ni ó ń kú kí ó tó pé ọdún kan, 39 nínú wọn kò sì pé oṣù kan. A kò sọ pé àìmu ọmú nìkan ni ó pa gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru àti òtútù àyà wà lára àwọn ohun tí ń pa ọmọ wa, ọmú sì jẹ́ apata sí àwọn méjèèjì.

A mọ ohun tí àwọn àgbà yóò sọ: “Omi àti àgbo ni a fi tọ́ ẹ̀yin náà, ẹ kò sì kú.” Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni a ó fi dá wọn lóhùn. Àwa tí a yè ni a ń jẹ́rìí; àwọn tí wọ́n kú kò lè wá jẹ́rìí. Ilẹ̀ wo ni ó ní orúkọ àbíkú tó ilẹ̀ wa? Dúrójayé, Kòsọ́kọ́: ikú ọmọ ni ó bí àwọn orúkọ wọ̀nyí. Oríṣiríṣi àrùn ni ó fà á, fòníkú-fọ̀ladìde wà níbẹ̀, ibà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi ìdọ̀tí kò gbẹ́yìn. Ìfẹ́ ni ìyá àgbà fi ń bu omi náà. Ìfẹ́ tí kò ní ìmọ̀ ni a fẹ́ fi ìmọ̀ kún.

Ta ni yóò bá ìyá àgbà sọ ọ́? Ìyàwó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ara ń ro, kò lè dá ìyá ọkọ rẹ̀ lóhùn kí wọ́n má pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ ni ó lè bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọkọ ni yóò kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, yóò ní, “Ìyá mi, ẹ ṣeun, ẹ jọ̀wọ́, àwa méjèèjì ti fẹnu kò pé ọmú nìkan ni.” Bí ọkọ bá sá fún ọ̀rọ̀ yìí, ó ti ju ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lójú ogun.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà ń fẹ́ àkíyèsí. Oyin jẹ́ ìwòsàn, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi oyin kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, nítorí irúgbìn kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tí ikùn ìkókó kò lè borí, tí ó sì lè mú gbogbo ara ọmọ rọ. Dàbínù tí a mọ̀ nínú sùnnà, díẹ̀ tí a rún ni wọ́n fi ń ra àjà ẹnu ọmọ. Kò sí ẹni tí ó lè fi í ṣe ẹ̀rí fún ife omi tàbí ìgò àgbo.

Àwọn ìyá kan wà tí ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Ìyá tí ó ní kòkòrò HIV, tí ó sì ń lo òògùn rẹ̀ déédéé, lè fún ọmọ lọ́mú lábẹ́ àmójútó àwọn oníṣègùn. Kí ó má dá pinnu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá tí àìsàn líle ń ṣe. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí na irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ lẹ́gba.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Bí oṣù mẹ́fà bá pé, ọmú nìkan kò tó mọ́. Ògì tí ó ṣàn bí omi kò sì lè mú ọmọ dàgbà. Kí a fi ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, edé, ẹ̀pà tàbí sóyà lílọ̀ kún un. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣiṣẹ́ láti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Ilẹ́ṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé ni ó ti ṣe káàdì tí a fi ń kọ ìwọ̀n ọmọ sílẹ̀ lóṣooṣù, tí ó ń fi hàn pé ọmọ kò dàgbà mọ́ kí ojú tó rí i. Láti ilẹ̀ wa ni káàdì náà ti tàn ká ayé. Ẹ̀yin bàbá, ẹ mélòó nínú yín ni ẹ ti ka káàdì ọmọ yín rí?

Ohun mẹ́rin ni a ń bẹ̀ yín sí:

Èkíní, kí ọkọ bá ìyàwó lọ sí ilé ìwòsàn ṣáájú ìbímọ, kí àwọn méjèèjì jọ gbọ́ ẹ̀kọ́ náà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀sìn bojú láti dí obìnrin lọ́wọ́ ìtọ́jú.

Èkejì, owó tí ẹ fẹ́ fi ra wàrà inú agolo, ẹ fi ra ẹ̀wà, ẹja àti èso fún ìyá. Bí Ramadan bá dé, tí ó sì ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ, ẹ̀sìn ti yọ̀ǹda fún un. Ẹ má ṣe dójú tì í.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀bù àti ilé iṣẹ́, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún ìyá ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, ó sì fún un ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ lẹ́nu iṣẹ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Oṣù mẹ́fà ni ọmú, oṣù mẹ́ta ni ìsinmi. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà fún ìbímọ méjì àkọ́kọ́ ní ọdún 2014. Mùsùlùmí agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ kéré ju èyí lọ nínú àánú. Bí kò bá lè fún ni ní oṣù mẹ́fà, kí ó pèsè yàrá mímọ́ àti àkókò.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin àlùfáà, ẹ gbé áyà 233 gorí mímbárì ní ọjọ́ Jímọ̀, kí ẹ sì ka apá tí ó kan bàbá pẹ̀lú.

Ọmọ ìkókó kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ẹkún nìkan ni ó ní. Ṣùgbọ́n Ẹni tí ó fi í sí ìkáwọ́ wa yóò bi wá léèrè ohun tí a fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣe. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á tọ́ ọmọ wa dàgbà nínú ìlera àti ìbẹ̀rù Rẹ̀. Àmín.