Ẹ̀yin Apòògùn, Ẹ Má Kàn Gbowó Kẹ́ Ẹ Dákẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bí ikọ́ bá mú tálákà ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn kọ́ ló kọ́kọ́ ń lọ, kẹ́mísì àdúgbò ni. Ibẹ̀ ni wọn kò ti ní ní kó gba káàdì, kò sì ní jókòó láti àárọ̀ di ọ̀sán. Yóò ra oògùn ikọ́ ìgò kan. Lọ́sẹ̀ kejì, yóò tún padà wá ra òmíràn. Ẹni tó ń tà á gbowó, ó fún un ní ṣéńjì, ó dákẹ́.

Ìdákẹ́ yẹn ni à ń bá jà.

Ikọ́ tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, pàápàá bí ẹni náà bá ń rù, tó ń làágùn lóru, tàbí tó ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀, ó yẹ ká yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Oògùn ikọ́ inú ìgò kò lè wo ìyẹn. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé kòkòrò rẹ̀ kiri. Bí aláìsàn ti ń ra ìgò kún ìgò, bẹ́ẹ̀ ló lè máa kó o ran àwọn ará ilé rẹ̀. Ní gbogbo Áfíríkà, kò sí orílẹ̀-èdè tí àrùn yìí pọ̀ sí tó Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Oògùn oṣù mẹ́fà ni, ẹni tó bá lò ó pé sì sábà máa ń sàn.

Àwọn kan ní, "Iṣẹ́ dókítà nìyẹn." A kò ní kí apòògùn tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ o! Ìbéèrè kan la ní kó bi oníbàárà: "Ó ti tó ọjọ́ mélòó tẹ́ ẹ ti ń wúkọ́?" Bó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, kó kọ ìwé lé e lọ́wọ́, kó júwe ibi àyẹ̀wò fún un, kó sì pè é lẹ́yìn náà láti mọ̀ bóyá ó débẹ̀. Ará Samáríà kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ó gbé ẹni tó fara pa dé ibi ìtọ́jú.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé oníbàárà á sá. Oníbàárà tó bá kú kì í ra nǹkan mọ́.

Ìjọba náà gbọ́dọ̀ gbọ́. Ètò ìjọba lórí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti mú apòògùn àti oníkẹ́mísì mọ́ iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ìpàdé àti bánà kò tó. Ẹ fún wọn ní ìwé, ní ike ìgbakẹ̀lẹ̀bẹ̀, àti owó ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ibi àyẹ̀wò. Nígbà tí Amẹ́ríkà gé owó ìrànwọ́ ní 2025, ó yẹ ká ti kọ́gbọ́n: àpò ara wa ló yẹ ká fi tọ́jú ará ilé wa.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ra ìgò kẹta. Ẹ má fi aláìsàn pa mọ́ nítorí ìtìjú, ẹ má sì sọ pé ayé ló ń ṣe é. Ẹ gbàdúrà, kẹ́ ẹ sì mú un lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí.