Ògiri Ni Ó Lanu: Kátúùnù àti Àlọ́ ní Kíláàsì Yorùbá

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwa olùkọ́ Yorùbá, pé kátúùnù ni ó gba àlọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Wọ́n ní ìranù ni, pé ariwo àti ìjà asán ni ó kún inú rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí a kò bá mọ ohun tí ń pa ọmọdé lẹ́rìn-ín, báwo ni a ó ṣe fi àlọ́ fà á mọ́ra?

Ẹ jẹ́ kí á wo Tom and Jerry, tí William Hanna àti Joseph Barbera bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1940. Ológbò ń lé èkúté. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì kì í sábà sọ̀rọ̀, nítorí náà ọmọ Ìbàdàn kò nílò ògbufọ̀. Orin tí Scott Bradley kọ sí i ni ó ń bá wọn sọ̀rọ̀: bí ológbò bá ń yọ́ rìn, orin a yọ́ rìn, bí ó bá ṣubú, ìlù a bá a ṣubú. Ǹjẹ́ èyí lè ṣe àjèjì lójú ọmọ tí ó ti rí onígángan tí ń fi ìlù tẹ̀ lé ẹsẹ̀ oníjó?

Ẹ tún wo Coyote, ajáko tí Chuck Jones gbé jáde ní ọdún 1949. Ó ń lé ẹyẹ Road Runner títí ó fi sáré kọjá etí ọ̀gbun, tí ó ń rìn lórí afẹ́fẹ́. Kò ní í jábọ́ títí yóò fi wo ilẹ̀. Ọmọdé ti rí i ṣáájú rẹ̀ pé ilẹ̀ ti tán. Ohun tí ó mọ̀ tí ajáko kò mọ̀ yìí ni ó ń pa á lẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Ìjàpá: àwa tí a ń gbọ́ àlọ́ ti mọ̀ pé ọ̀kánjúwà rẹ̀ yóò kó bá a kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ìjà ni wọ́n ń kà sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣé Ìjàpá kò já láti òkè rí, tí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ yángá, tí a tún un lẹ̀ pọ̀? Nínú àlọ́ tí ó tẹ̀ lé e, ó tún ti ń rìn kiri. Ta ni ó fòfin de àlọ́ nítorí ìyẹn?

N kò sọ pé kátúùnù kò lábùkù. Nínú àwọn Tom and Jerry ti ìbẹ̀rẹ̀, obìnrin adúláwọ̀ kan wà tí ń tọ́jú ilé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni a sábà máa ń rí, kì í ṣe ojú rẹ̀, a sì fi ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀rín tí ó sọ ẹ̀yà kan di yẹ̀yẹ́ ni ó yẹ kí á kọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aláròyé wa kò sọ èyí. Ariwo ni wọ́n gbọ́, wọn kò rí ìwọ̀sí.

Ta ni ó wá gba àlọ́ lọ́wọ́ ọmọ? Àwa ni. A kì í pa àlọ́ ní kíláàsì mọ́. Kíkà ni à ń kà á. A kì í dá orin, ọmọ kì í gbè. Kí ẹ̀rín tó sọ, a ti ní kí wọ́n kọ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìdánwò. Èmi náà jẹ̀bi. Mo ti fi ọmọkùnrin kan sórí ìkúnlẹ̀ rí nítorí pé ó ń rìn bí Ìjàpá nígbà tí mo ń ka àlọ́, tí gbogbo kíláàsì sì ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà, òun nìkan ni ó ń pa àlọ́ nínú iyàrá yẹn.

Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Agbára kan wà tí àlọ́ ní tí kátúùnù kò ní: ẹ̀rọ kò lè gbọ́ ègbè ọmọ, kò sì lè dúró dè é. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ pa ìwé dé fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ dá orin. Àwọn ọmọ yóò gbè é.