Àgbàrá Yàtọ̀ sí Ọ̀sà



Bí òjò ńlá bá rọ̀ ní Boundary, níbi tí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ti pààlà, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé omíyalé ti dé. Orúkọ yìí kan náà ni a fi ń pe àjálù tí odò Ògùnpa fà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, tí ó gba ẹ̀mí ènìyàn tí ó ju 100 lọ. Lójú tèmi, orúkọ kan kò tó fún omi méjèèjì, nítorí pé ìwà wọn kò jọra.

Ìlú olókè ni Ìbàdàn. Omi tí ó bá ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ a máa sáré. Nígbà tí ilé àti pàǹtí dínà mọ́ Ògùnpa, ipá ni ó fi kọjá. Àgbàrá ni Yorùbá ń pe omi òjò tí ń sáré bẹ́ẹ̀.

Ti Boundary yàtọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju ojú ọ̀sà lọ. Ọ̀sà Èkó sì ń tẹ̀lé òkun: ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni ó ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń fà. Bí òjò bá rọ̀ nígbà tí ọ̀sà kún, omi inú gọ́tà kò ní rí ibi ṣàn lọ. Yóò dúró, yóò sì yà sínú ilé. Orúkọ Ajégúnlẹ̀ pàápàá ń rán wa létí pé etí omi ni a wà, nítorí ọkọ̀ ojú omi ni a mọ̀ tí ń gúnlẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó ní kí a kàn gbẹ́ gọ́tà Boundary kí ó jìn sí i kò tíì yanjú ọ̀rọ̀. Bí ìsàlẹ̀ gọ́tà bá lọ sílẹ̀ ju ojú ọ̀sà lọ, omi ọ̀sà ni yóò kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni ilẹ̀kùn tí a ó máa tì nígbà tí ọ̀sà bá kún, ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi òjò jáde, àti kíkó pàǹtí kúrò, kí omi lè tètè jáde ní ìwọ̀nba wákàtí tí ọ̀sà bá fà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí omíyalé gba ipò àgbàrá, odò àti ọ̀sà lẹ́nu wa. Ẹni tí kò mọ orúkọ àìsàn, egbòogi wo ni yóò lò?

Kí ni wọ́n ń pe omi tí ń ṣàn padà sẹ́yìn ní ẹ̀ka èdè tiyín?